Páànù dẹ́kìn nígbà tí iná bá jó: BRC, àwọ̀n irin orí rẹ̀, ni kí ẹ ṣọ́

Ẹni tó fẹ́ fi bíìmù irin kọ́ ilé olókè ní Kábà, Mọ́pà tàbí Ìsánlú, tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀, kó sì kó jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, òun gan-an la ń bá sọ̀rọ̀. Páànù oníkòtò tí wọ́n ń da kọnkéré lé lórí yìí, a fọwọ́ sí i. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín bíi pé òun nìkan ti di dẹ́kìn tán.

Páànù náà nípọn tó 0.9 sí 1.2 mm, kòtò irú tó wọ́pọ̀ sì jìn tó 60 mm. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí bíìmù, wọ́n á jó ìṣó irin olórí ńlá oní-19 mm mọ́ bíìmù gba ara páànù kọjá, wọ́n á tẹ́ BRC, wọ́n á wá da kọnkéré. Ìṣó yẹn ló ń so bíìmù àti kọnkéré pọ̀ kí wọ́n lè jọ gbé ẹrù. Tí àlàfo bíìmù sí bíìmù kò bá ju bíi mítà 3 lọ, ẹ ò nílò pákó àti ọparun lábẹ́ rẹ̀. Èrè gidi nìyẹn.

Tí iná bá wá mú ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, páànù ló ń kọ́kọ́ jìyà. Omi inú kọnkéré á hó, á máa ti páànù kúrò lára kọnkéré. Irin fúnra rẹ̀ á sì máa rọ̀: ní 600°C, agbára rẹ̀ kò tó ìdajì mọ́, ní 700°C, kò tó ìdámẹ́rin, ní 800°C, nǹkan bí ìdámẹ́wàá ló kù. Bíìmù tí wọ́n kò fi ohun tó ń dènà ooru iná bo náà á rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló wá kù tó ń gbé ilẹ̀ yàrá òkè? BRC ni. Dẹ́kìn á tẹ̀ láàárín, BRC á fà le bí aṣọ tí èèyàn mẹ́rin di igun rẹ̀ mú, kọnkéré etí á sì fún pọ̀ yí i ká, kó má baà fà wọlé.

Wọ́n ti dán an wò ní Cardington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1995 sí 1996, nínú ilé alájà mẹ́jọ. Ooru bíìmù tí wọn kò bo kọjá 900°C. Dẹ́kìn tẹ̀ gan-an, kò sì wó. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti fi orí píìlà irin sílẹ̀ ní ìhòòhò, píìlà náà rún wọlé nǹkan bí 180 mm. Nítorí náà, ẹ bo píìlà látìsàlẹ̀ títí dé ibi tí bíìmù ti pàdé rẹ̀, ẹ sì bo bíìmù etí pẹ̀lú, torí etí ni BRC ń dì mú. Bíìmù àárín nìkan ni ẹnjiníà lè ní kí ẹ má bo, lẹ́yìn tó bá ti ṣírò rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́ ni BRC. Àwọn bírìkìlà á tẹ́ ẹ lé páànù pẹrẹsẹ, wọ́n á tún máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń da kọnkéré. Ibi tí ooru pọ̀ sí jù nìyẹn. Ẹ fi ohun tí yóò gbé e sókè sábẹ́ rẹ̀, kó wà ní 20 sí 40 mm sí ojú òkè. Àléébù kejì ni pé wọ́n á fi etí BRC kan etí èkejì lásán. Níbẹ̀ ni dẹ́kìn yóò ti ya. Fún irú BRC tí wọ́n ń pè ní A142, tí irin rẹ̀ jẹ́ 6 mm ní àlàfo 200 mm, kí ọ̀kan gun orí èkejì tó 300 mm ó kéré tán. 400 ló tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹ ra irú tí ara rẹ̀ rí págunpàgun, ẹ má ra olójú dídán. Létí ilé, ẹ tẹ irin 10 mm bíi U yí ìṣó ká.

Ní ti kọnkéré, sìmẹ́ǹtì kò jìnnà, Ọbájánà wà nítòsí. Nínípọn rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n: 70 mm lókè góńgó páànù, ìyẹn 130 mm lápapọ̀, fún iná wákàtí kan. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, ooru á la dẹ́kìn kọjá, á sì mú ẹrù yàrá òkè.

Ilé olókè kan ṣoṣo tó ní bíìmù kọnkéré kò nílò páànù yìí rárá. Dẹ́kìn onípákó tó fún un.