Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Fi Agbára Kún Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń wa ọkọ̀ asáré ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti agbègbè wọn, bí ọkùnrin kan bá kàn sí yín lórí WhatsApp pé òun yóò tún ọpọlọ ọkọ̀ yín (kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí ẹ́ńjìnnì) kọ kí ọkọ̀ náà lè lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ó sì ní òun yóò wá bá yín ṣe é nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún un títí ẹ ó fi ka ọ̀rọ̀ yìí tán. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo san ₦180,000 fún un. Kò ṣe iṣẹ́ kankan fún owó náà. Nígbà tí mo sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ún, ó padà wá ṣe èyí tí ó ba ọpọlọ ọkọ̀ mi jẹ́ pátápátá. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n n ó ṣàlàyé ìṣe rẹ̀ débi pé ẹ ó dá a mọ̀ bí ó bá dé ọ̀dọ̀ yín.

Kí n kọ́kọ́ sọ pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Volkswagen Golf GTI ọdún 2007 ni ọkọ̀ mi, tókúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà méjì, ó sì ní tọ́bò. Agbára 200 horsepower ni àwọn tí wọ́n ṣe é fi sí i. Ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwọn riwáyà ń pè ní brain box, ni ó ń pinnu ìwọ̀n epo tí yóò wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìgbà tí pílọ́ọ̀gì yóò tan iná, àti bí atẹ́gùn tí tọ́bò ń fẹ́ wọlé yóò ṣe pọ̀ tó. Inú fáìlì kan ni gbogbo àṣẹ wọ̀nyí wà. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò ka fáìlì náà jáde, yóò yí àwọn nọ́ńbà kan padà nínú rẹ̀, yóò tún ìṣirò tí ọpọlọ fi ń yẹ fáìlì wò ṣe kí ó má baà kọ̀ ọ́, yóò sì kọ ọ́ padà sí àyè rẹ̀. Irú ọkọ̀ tèmi lè ti ibẹ̀ dé nǹkan bí 240 láìjẹ́ pé a yí irin kankan padà. Ohun tí ó fún gbájú-ẹ̀ láyè nínú rẹ̀ ni pé ojú kò lè rí i: bí wọ́n bá pààrọ̀ táyà fún ọ, wàá rí táyà, ṣùgbọ́n ta ni ó rí nọ́ńbà nínú brain box rí?

Ọ̀sán Sátidé kan ni ó dé ilé mi lẹ́yìn Tákìé, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti wáyà kan. Ó ki wáyà náà bọ ihò tí ó wà lábẹ́ sítíárì, irú èyí tí ó wà lára gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, tí àwọn mẹkáníìkì wa fi ń sikáànù ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé lọ sinmi, àṣírí iṣẹ́ wà nínú ohun tí mo fẹ́ ṣe.” Mo wọlé. Ìyàwó mi béèrè pé irú oníṣẹ́ wo ni kì í fẹ́ kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ dúró ti òun, mo sì dá a lóhùn pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, kò lè yé e. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà.

Nígbà tí ó pè mí jáde lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, ó fún mi ní ìwé kan tí a tẹ ìlà pupa àti ìlà búlúù sí, èyí tí ó fi hàn pé agbára ọkọ̀ mi ti kúrò ní 200, ó ti di 252. Mo wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà Ìlọrin. Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ kan iná díẹ̀ báyìí ni ó fò síwájú bí ẹṣin tí wọ́n gún ní kẹ́ṣẹ́. Inú mi dùn débi pé mo san ìyókù owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo tún fi ₦5,000 kún un fún owó ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo bá àbúrò kan pàdé nítòsí LAUTECH, ẹni tí ó ní Honda Civic, tí òun náà sì ti gbé ọkọ̀ fún ọkùnrin yìí kan náà. Ó mú ìwé tirẹ̀ jáde. Ìlà pupa àti ìlà búlúù kan náà ni, 200 tí ó di 252, kódà aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún tí ó wà nísàlẹ̀ ìwé tèmi ni ó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀. Civic tí mo ń wí yìí kò ní tọ́bò rárá. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 tí agbára rẹ̀ kò ju 140 lọ láti ilé iṣẹ́ ni ó ní, irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í sì í rí ju ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí kò sí tọ́bò tí a lè pàṣẹ fún pé kí ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ibẹ̀ ni mo tó wá ronú sí ohun tí ó yẹ kí n ti béèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Orí ẹ̀rọ onírólà tí táyà ọkọ̀ máa ń yí lórí rẹ̀ ni a ti ń wọn agbára bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ mi kò sì kúrò níwájú ilé títí ìwé náà fi jáde. Kí ni ó fi wọ̀n ọ́n?

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá bàbá kan ní Ìbàdàn tí ó jẹ́ pé Volkswagen nìkan ni wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà wọn wò ó, nítorí ọpọlọ ọkọ̀ Volkswagen máa ń ṣírò iye ìgbà tí wọ́n bá ti kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ ohunkóhun síbẹ̀. Wọ́n tún ka fáìlì inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi í wé ti ilé iṣẹ́ tí ó ní nọ́ńbà kan náà. Kò sí ohun tí ó yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bi wọ́n pé kí ni ó wá ń jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa fò bẹ́ẹ̀. Bàbá náà kò dáhùn, wọ́n dojú bolẹ̀ sí ìsàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì fa àpótí dúdú kékeré kan jáde tí wọ́n so mọ́ wáyà asẹlírétọ̀. Iṣẹ́ àpótí yìí kò ju pé kí ó máa parọ́ fún ọpọlọ ọkọ̀: bí ẹ bá tẹ iná dé ìdá kan nínú márùn-ún, yóò sọ fún un pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ dé ìdá méjì. Ọkọ̀ yóò dà bí ẹni pé ó ti gbóná sí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá, agbára tí ó ní tẹ́lẹ̀ náà ni yóò mú jáde. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn ra àpótí náà bí ó bá mọ ohun tí òun ń rà. Orúkọ mìíràn ni wọ́n fi tà á fún mi, ní ìlọ́po owó tí ó tọ́ sí i.

Nígbà tí mo pe ọkùnrin náà, kò jiyàn. Ó bẹ̀ mí, ó ní ọmọ iṣẹ́ òun ni ó ṣe àṣìṣe (bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan ni ó wá), ó sì ṣèlérí pé òun yóò wá kọ fáìlì gidi sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí n ti kọ̀. Ìlànà iṣẹ́ yìí ni pé kí a so ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì ní iná mọ́ ọkọ̀ ní gbogbo àkókò tí a bá ń kọ nǹkan sínú ọpọlọ rẹ̀, nítorí bí iná bátìrì bá lọ sílẹ̀ láàárín, ìdajì fáìlì tuntun ni yóò wà níbẹ̀, ọpọlọ náà kò sì ní mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Kò so ohunkóhun mọ́ ọn. Kò sí iná NEPA lọ́jọ́ náà, kò sì jẹ́ kí n tan jẹnẹrétọ̀. Ó ní iná bátìrì tó. Nígbà tí ó yá, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú, mo ṣíná ọkọ̀ títí, kò dáhùn. Ó ní pọ́ńpù epo ni ó ní àrùn, pé òun fẹ́ sáré ra nǹkan ní Sábo. N kò tíì rí i títí di òní.

₦60,000 ni mo fi gbé ọkọ̀ náà dé Ìbàdàn lórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀. Bàbá náà tú brain box, wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n sì kọ fáìlì ilé iṣẹ́ padà sí i tààrà lórí tábìlì. ₦95,000 ni ìyẹn. Wọ́n ní mo ṣoríire pé iṣẹ́ náà kò yọrí, nítorí nínú ìkánjú ọkùnrin yìí ó gbàgbé fíláàṣì rẹ̀ sínú ọkọ̀, fáìlì tí wọ́n sì bá nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ fún epo 98. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí bẹntiróòlù ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó kí ó tó gbiná fúnra rẹ̀. Epo 98 wà nílé epo ní Jámánì. Èyí tí à ń rà níhìn-ín kò dé 95. Fáìlì bẹ́ẹ̀ yóò mú kí pílọ́ọ̀gì tètè tan iná, tọ́bò yóò sì fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ sí i, epo wa yóò wá máa bú gbàmù ṣáájú àkókò, ìró kí-kí-kí yóò bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ní ìkẹyìn písítìnnì yóò fọ́. Ní ti ẹ́ńjìnnì tèmi yìí, ife irin kékeré kan tún wà láàárín camshaft, ọ̀pá irin tí ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, àti pọ́ńpù epo, tí ó máa ń jẹ títí yóò fi lu. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kò ní fi agbára kún un láìkọ́kọ́ yọ ife yìí wò. Ọkùnrin náà kò béèrè nípa rẹ̀. Kò béèrè irú epo tí mo ń rà, kò béèrè ìgbà tí mo pààrọ̀ kọ́ìlì tàbí ọ́ìlì, kò tilẹ̀ wo iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ṣe é, ẹ jókòó ti ẹni tí yóò ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ gba ẹ̀dà fáìlì àkọ́kọ́ tí ó kà jáde sórí fíláàṣì tiyín kí ó tó kọ ohunkóhun, ẹ má sì san ju àsansílẹ̀ díẹ̀ lọ títí ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi bá yín wo ohun tí ó wà nínú ọpọlọ náà. Ẹni tí ó bá ní fáìlì àkọ́kọ́ kò ṣe é fún yín, kò kà á jáde ni.

Mo gbọ́ pé ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, pé ó ti wà ní agbègbè Owódé ní Ọ̀yọ́, ó sì ti já owó rẹ̀ sí ₦120,000. Àwa mẹ́ta ni a ti ní ìwé 252 náà lọ́wọ́ báyìí. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ wo aago tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ẹ má jù ú nù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi, nítorí ọlọ́pàá tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ti ní kí a kó gbogbo wọn jọ wá.