Okùn ọrùn-ọwọ́ àwọn atúnkọ̀ǹpútà-ṣe: ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ìlọrin, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ẹni tó bá ń bọ́ ẹ̀wù pọ́líẹ́sítà yóò gbọ́ bó ṣe ń ta pàrà. Aṣọ òfì tí a fi òwú gidi hun kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Bí ohun méjì bá fara kanra tí wọ́n sì yà, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (ègé tíntìntín tó ń gbé iná mànàmáná) a máa ti ara ọ̀kan bọ́ sára èkejì: èyí tó gbà á yóò ní ṣáàjì (iná tó dúró sára nǹkan) nẹ́gétíìfù, èyí tó pàdánù yóò ní pọ́sítíìfù. Bí ṣáàjì yìí bá ta, ènìyàn kì í sábà mọ̀ ọ́n lára bí kò bá tó nǹkan bí 3,000 fólítì, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò tó 100 lè ba àwọn ẹ̀yà kan nínú kọ̀ǹpútà jẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ra okùn yìí, tí a ń dè mọ́ ọrùn-ọwọ́, tí ẹnu ìdè wáyà rẹ̀ sì ń mú irin tó so mọ́ ilẹ̀, ní ìsọ̀ kan ní Ọ̀nà Táíwò. Ó ń fa ṣáàjì ara wa lọ sínú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé rẹsítọ̀ (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) megaohm 1 wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná ńlá gba inú rẹ̀ kọjá sí wa lára. Ẹnu ìdè rẹ̀ mú irin dáadáa. Rọ́bà rẹ̀ ló tètè dẹ̀, bí kò bá sì fara kan awọ ara, asán ni. Wọ́n tún ń ta èyí tí kò ní wáyà: ẹ má rà á, nítorí kò sí ibi tí ṣáàjì yóò gbà dé ilẹ̀.