Hilux 2.8 oní-dísẹ̀ẹ̀lì: mo di kòkó sí i kí n tó dáhùn

Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mo fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ ló ń kọ orin kan náà sí mi létí: dísẹ̀ẹ̀lì kì í jẹ epo, gba Hilux tó ń lo ẹ́ńjìnnì dísẹ̀ẹ̀lì lítà 2.8, ọkọ̀ náà á san owó ara rẹ̀ padà. Mo ṣí fóònù mi, mo ṣírò ó, orin náà kò sì bá owó mu rárá. Alájì tó fẹ́ ta Hilux 2018, tòkúnbọ̀, fún mi ní Àkúrẹ́ pè é ní mílíọ̀nù 31. Tèmi tó wà nílẹ̀, Hilux 2009 tó ń lo ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 2.7, mílíọ̀nù 11 ni ẹni tó fẹ́ rà á fi lọ̀ mí. Mílíọ̀nù 20 ni mo máa fi lé e nìyẹn. Lójú títì gidi, 2.7 ń mu bíi lítà 11 kó tó rin 100 kìlómítà, 2.8 ń mu bíi 8. Ẹ jẹ́ ká fi ₦1,000 dá iye lítà kan, ì báà jẹ́ bẹntiróòlù ì báà jẹ́ dísẹ̀ẹ̀lì, kí ìṣirò má bàa dàrú. ₦3,000 ni èrè orí 100 kìlómítà. Kí ₦3,000 tó di mílíọ̀nù 20, ọkọ̀ náà á ti rin ju 660,000 kìlómítà lọ. Kódà bí ẹrù àti òkè bá sọ èrè náà di ìlọ́po méjì, ó ṣì ku 330,000. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ló máa jẹ èrè yẹn, bí ìpẹtà bá fi nǹkan kan sílẹ̀ fún wọn.

Nítorí náà, bí mo bá máa ra ọkọ̀ yìí, kì í ṣe tìtorí epo. Tìtorí òkè ni.

Kòkó ni mò ń rà. Àwọn àgbẹ̀ tí mò ń bá ná ọjà wà nínú oko lẹ́yìn Ìdànrè, níbi tí èèyàn ti ń bọ́ kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí amọ̀, tí ọ̀nà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀, á tún gùn. Àpò kòkó kan jẹ́ kílò 62.5, àpò 16 ló pé tọ́ọ̀nù kan, iye tí ẹ̀yìn Hilux sì lè gbà láìjìyà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dẹ́rẹ́bà mi á di 20 sí i bí n kò bá sí níbẹ̀, á wá máa sọ fún mi pé, “Màámi, ojú lásán ni, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.” Oṣù Kẹwàá ni ìkórè ńlá ń bẹ̀rẹ̀, òjò kò sì tíì lọ nígbà náà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá rì pẹ̀lú kòkó lẹ́yìn, owó àwọn tó máa tì í, owó ọkọ̀ kejì tí a máa yá láti já ẹrù sí, àti kòkó tó bá fara gbá omi, gbogbo rẹ̀ ń jáde láti inú àpò kan ṣoṣo.

Ẹ má bú 2.7 lójú mi o. Nígbà tí mo rà á, bẹntiróòlù ni ìjọba ń san lára owó rẹ̀ fún wa, dísẹ̀ẹ̀lì wà lọ́wọ́ ọjà. Ẹni tó bá gbé dísẹ̀ẹ̀lì nígbà yẹn, ó ní ilé iṣẹ́ tó ń bá a sanwó epo. Kí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tó dé, lítà bẹntiróòlù kan kò tíì tó ₦200 ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti fò dé nǹkan bíi ₦500, kò sì dúró níbẹ̀. Bí owó epo méjèèjì ṣe wá sún mọ́ ara wọn nìyẹn, tí gbogbo ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ dísẹ̀ẹ̀lì.

Nígbà tó di 2024, kòkó wọ́n kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìdànrè léèrè iye ilé tí wọ́n kùn àti iye ọkọ̀ tó wọ ìlú lọ́dún yẹn. Èmi fi owó tèmi pamọ́, mo ń wo ibi tí ọjà máa já sí. Ó já sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi pamọ́ ṣì tó ra ọkọ̀.

Àbúrò mi tó wà ní Houston ní kí n má dààmú, òun á wá Hilux kan fi ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Toyota kì í ta Hilux ní Amẹ́ríkà. Tacoma ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ láti 1995, Tacoma kò sì ní dísẹ̀ẹ̀lì. Ọkọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ta ni máa bá mi wá pátì rẹ̀ ní Ìdànrè? Àwọn Hilux tòkúnbọ̀ wa, Yúróòpù tàbí Dubai ni wọ́n ti ń wá, ibi tí èyí tí ẹ bá fẹ́ rà sì ti wá ṣe pàtàkì gan-an. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Alájì fẹ́ kí n gùn ún yí Ọjà Ọba ká, kí n sì máa ka owó. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká di ẹrù sí i. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ korò, ṣùgbọ́n ọjà kò yá, ó gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ẹrù, kó má dán an wò lófìfo. Ọkọ̀ òfìfo kì í ní àléébù. A di àpò 16 sí i, èmi, dẹ́rẹ́bà mi, mẹkáníìkì mi àti ọmọ iṣẹ́ Alájì wọlé, a forí lé Ìdànrè.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lójú ọ̀nà oko tí 2.7 mi kórìíra. Bí a bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, dẹ́rẹ́bà á já gíà sí kejì, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ́ńjìnnì á máa ké ní ohùn òkè. Kò ní ṣàì ké: agbára ìfà rẹ̀ kò ju 241 Nm lọ, kò sì ní kó o jọ tán àfi bó bá ń yí ní 3,800 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá fara balẹ̀, ó kú. 2.8 yìí ní 450 Nm pẹ̀lú gíà aládàáṣiṣẹ́, ó sì ti kó gbogbo rẹ̀ jọ láti 1,600 títí dé 2,400. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lórí amọ̀ ni pé dẹ́rẹ́bà rọra fọwọ́ kan epo, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà, láìsáré, láìké, láìjẹ́ pé táyà ń yí lásán. Ní ibi tí 2.7 ti máa ń dúró mí, 2.8 kò tilẹ̀ yí gíà padà. Dẹ́rẹ́bà mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dákẹ́ títí a fi dé orí òkè. Ìgbà náà ló tó ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rà á.”

Mi ò dá a lóhùn.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Nígbà tí a já ẹrù sílẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ń ta sókè nínú gbogbo kòtò, torí irin pẹlẹbẹ tó gun ara wọn ni wọ́n ṣì fi gbé ẹ̀yìn Hilux, ti tuntun àti ti àtijọ́. Ẹ̀yìn ẹni tó jókòó sí ìjókòó kejì á sọ fún un. Bí ọkọ̀ bá dúró tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà tó ń kan irin. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ tutù dáadáa. Ti tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú, n kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ nípa rẹ̀.

Abẹ́ ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Mẹkáníìkì mi tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sùn wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ yìn ín: ṣéènì ló ń yí ẹ́ńjìnnì yìí, kì í ṣe bẹ́líìtì, yàtọ̀ sí 3.0 tó wà ṣáájú rẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ kó tó já. Lẹ́yìn náà ló pè mí pé, “Ìyá, ẹ wá wo nǹkan.” Fílítà èéfín ni, èyí tí wọ́n ń pè ní DPF. Ilẹ̀ tó sọ fílítà yìí di dandan ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún.

Fílítà yìí ló ń gba èédú inú èéfín dísẹ̀ẹ̀lì dúró. Bó bá kún, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jó o dànù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí páìpù gbóná kó tó lè jó o, kí ọkọ̀ sì máa lọ geere fún ìgbà díẹ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ rí geere láàárín oko kòkó? Gíà kìíní, gíà kejì, dúró, di àpò, tún lọ. Ó tún fẹ́ dísẹ̀ẹ̀lì tó mọ́. Èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, sọ́fúrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Èyí tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì tà lẹ́bàá oko wa, ẹni tó ń tà á gan-an kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, omi sì wà lára rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé ẹ̀rù lásán ni mo ń dá bà yín, ẹ lọ wo Ọsirélíà, níbi tí epo wọn dára ju tiwa lọ fíìfíì. Ní oṣù Kẹrin 2022, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn dá a lẹ́jọ́ pé ọkọ̀ Toyota 264,170, Hilux, Fortuner àti Prado, tí wọ́n tà láàárín 2015 sí 2020, ló ní àléébù lára ètò fílítà yìí. Ìdílé ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ni.

Alájì ní ìdáhùn tirẹ̀: “Ìyá mi, a máa gé e dànù ni!” Mẹkáníìkì mi mi orí. Gígé kò ṣòro, ó ní, ẹni tó ní ayùn lè gé e. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló máa wá fílítà náà tì, á tan iná sí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, á sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí mo tìtorí agbára rà! Ẹni tó máa tún kọ̀ǹpútà náà ṣe kó má wá a mọ́, Èkó ló mọ̀ ọ́n sí. Ká má tíì sọ ti èéfín dúdú tó máa máa jáde, tí àwa fúnra wa máa fà símú. Bí nọ́súlù dísẹ̀ẹ̀lì bá sì bà jẹ́ nítorí omi, òun kò ní ẹ̀rọ tó lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí 2.7 bá mu epo burúkú, a tú púlọ́ọ̀gì, a fọ nọ́súlù, a fa epo dànù, ó di ọ̀sán a ti wà lójú ọ̀nà.

Ẹ́ńjìnnì náà, mo fún un ní 9 nínú 10. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá fún mi, 5. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó lẹ ń ná, tí ẹ ń ra epo ní ilé epo ńlá, tí ẹ sì ń sáré tó láti jẹ́ kí fílítà jóná, ẹ rà á, fílítà tàbí kò sí fílítà, ẹ máa gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ń wọ oko bíi tèmi, kó wá èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ilẹ̀ tí kò pọn fílítà ní dandan, kó dí ọ̀nà tí omi ń gbà wọ inú dísẹ̀ẹ̀lì, kó sì mú ẹni tó mọ abẹ́ ọkọ̀ dání. Àwọn tó ní kí n gba 2.7 tuntun, tó yọ ní 2015, 245 Nm ni agbára tiẹ̀. N kò lè san mílíọ̀nù lórí mílíọ̀nù fún Nm 4.

Mo ti ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tèmi, kí wọ́n pààrọ̀ ríìngì àti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kí oṣù Kẹwàá tó wọlé. Kò sún mọ́ mílíọ̀nù 20. Alájì pè mí lálẹ́ àná, ó já owó náà sí mílíọ̀nù 29 àti ààbọ̀. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, pé bó bá rí 2.8 tí kò ní fílítà, kó pè mí lọ́jọ́ náà. Ó ní òun lẹ́nìkan ní Dubai. Mo ní kí ẹni náà fi fọ́tò abẹ́ ọkọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó jẹ́ kí ti iwájú dúró ná.