Roger Gracie tàbí Buchecha: Ta Ni Ọ̀gá?

Ní Ìkòròdú, bí àwọn tó ń kọ́ jiu-jitsu (ìjàkadì tí wọ́n ti ń fún ara wọn lọ́rùn tàbí ká ara wọn lápá títí ẹnì kan á fi gbà) bá ká ẹní tán, orí orúkọ méjì ni àríyànjiyàn máa ń dá lé: Roger Gracie àti Marcus Almeida, tí gbogbo ayé ń pè ní Buchecha.

Ẹni tó bá ń ka àmì-ẹ̀yẹ wúrà, Buchecha ló máa mú. Ìgbà 13 ló gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé pẹ̀lú bẹ́líìtì dúdú (ìpele àwọn ọ̀gá), mẹ́fà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìdíje tí wọn kì í ti í wo ìwọ̀n ara. Ti Roger jẹ́ 10. Buchecha tóbi, síbẹ̀ ó yára: á ki ẹsẹ̀ ẹni mọ́lẹ̀, á dá a dùbúlẹ̀, máàkì 2 nìyẹn. (Nínú gídígbò, ibẹ̀ ni ìjà parí sí, níbí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.)

Ṣùgbọ́n Roger ni tèmi. Ní 2009, ọ̀nà kan náà ló fi ṣẹ́gun gbogbo ẹni tó bá a jà ní ìdíje àgbáyé: á gun àyà wọn, á fi kọ́là (ọrùn aṣọ ìjà wọn) fún wọn lọ́rùn. Wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀, wọn ò rí i dá dúró. Ọwọ́ àkọ́kọ́ á wọ kọ́là dé ẹ̀yìn ọrùn, ìka mẹ́rin nínú, àtàǹpàkò níta. Ọwọ́ kejì á gba abẹ́ rẹ̀ wọ òdìkejì. Á wá tẹ orí sílẹ̀, á fa ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì wá sí ìhà. Ọwọ́ àkọ́kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì: bí kò bá jìn, ọ̀nà ọ̀fun ló máa tẹ̀, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ. Ìrora lásán nìyẹn, ẹni náà á fara dà á, á sì ta ọ́ dànù.

Wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2012, ọ̀mì ni. Ní 2017, ní Rio, Roger gba ẹ̀yìn Buchecha, ó fún un lọ́rùn, ó sì fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìdíje jiu-jitsu.