Ògúndé àbí Bàbá Sàlá: ìtàn ta ló yani lẹ́nu jù?

Ẹ dárúkọ Hubert Ògúndé ní Pánṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta, gbogbo èèyàn á ní ọmọ Ògùn wa ni (Ọ̀sọsà ni o, Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin Ẹ̀gbá ẹ má bínú), àmọ́ ẹni mélòó ló mọ̀ pé ọlọ́pàá ni bàbá yẹn tẹ́lẹ̀? Ọlọ́pàá gidi o, kí wọ́n tó kọjú sí tíátà pátápátá. Ẹ wá wo ayé, ní 1964 ìjọba Western Region fòfin de ẹgbẹ́ wọn torí eré Yorùbá Ronú.

Bàbá Sàlá ní tiwọn, orin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Sunny Adé tí ẹ ń náwó fún lóde àríyá yẹn, ẹgbẹ́ olórin Bàbá Sàlá ló wà nígbà kan, ẹ gbọ́ o! Wọ́n wá ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè dà á kọ, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè wá bo ẹni tó ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín mọ́lẹ̀.

Ti ọlọ́pàá yẹn dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Sàlá ni mo dìbò fún jàre, torí Sunny Adé yẹn nìkan ti tó.