Preamp tó ní bypass àti èyí tí kò ní: èwo ni kí ẹ rà mọ́ home theatre yín?

Ká tó dárúkọ preamp kankan (ẹ̀rọ tí a fi ń yan ohun tí a fẹ́ gbọ́, tí a sì fi ń yí fóólúùmù rẹ̀), ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn receiver, ẹ̀rọ tó ń darí home theatre, tó wà nílé. Ṣé ẹ rí ihò méjì tí wọ́n kọ PRE OUT sí, ti sípíkà iwájú, tí ohùn ń gbà jáde lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn? Bí kò bá sí, ẹ má tíì náwó. Pre-out ti subwoofer (sípíkà tó ń gbé ìró ìsàlẹ̀) nìkan ló wà lára receiver Denon AVR-X1800H. AVR-X3800H ló ní ti gbogbo sípíkà.

Bí iṣẹ́ ṣe pín rèé, kí sípíkà iwájú kan náà lè ṣe fíìmù àti orin. Receiver ló ni fíìmù. Ohùn sípíkà iwájú méjèèjì á gba pre-out bọ́ sínú preamp, á ti ibẹ̀ wọ power amp, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, kó tó dé sípíkà. Ti àárín àti ti ẹ̀yìn kò kúrò lára receiver. Tó bá di orin, ẹ pa receiver, kí CD tàbí ẹ̀rọ àwo orin máa gba inú preamp lọ tààrà.

Preamp tó ní bypass, irú Parasound P 6 tàbí Emotiva XSP-1, kì í fi fóólúùmù tirẹ̀ kan ohùn tó ń ti receiver bọ̀. Rìmóòtù receiver nìkan ti tó. Ìyàwó, ọmọ, àlejò, ẹnikẹ́ni ló lè tan fíìmù láì pè yín níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Nítorí pé fóólúùmù kò sí lójú ọ̀nà ihò bypass, ohun tó bá wọlé níbẹ̀, bó ṣe wọlé náà ló ń jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kan ki wáyà CD player bọ ibẹ̀, fólítì 2 gbáko, ó wá tẹ play. Igbe kan ṣoṣo la gbọ́. Tweeter ọ̀tún, ẹnu sípíkà tó ń gbé ohùn òkè, ti jóná.

Èyí tí kò ní bypass náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó gba ìfarabalẹ̀. Ẹ ki wáyà pre-out receiver bọ ihò AUX preamp, ẹ yan ojú kan fún fóólúùmù preamp, kí ẹ tó jẹ́ kí receiver fi máíkì rẹ̀ wọn àwọn sípíkà. Èmi yí tèmi sí ojú aago méjìlá, mo sì kán kùtẹ́ẹ̀sì pupa bíńtín síbẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbàgbé dá a padà síbẹ̀, ariwo ìbọn láti iwájú á bo ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré mọ́lẹ̀, nítorí sípíkà àárín ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn. Preamp tó ń fi nọ́ńbà fóólúùmù hàn sàn ju èyí tí wọ́n ń fojú wọ̀n lọ. Bí receiver Denon bá wọ̀n ọ́n tán, tó kọ -12 dB sí iwájú, ó ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ibi tó lè dé nìyẹn. Ẹ dín fóólúùmù preamp kù, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ọ̀nà kẹta wà: power amp tó ní RCA àti XLR (oríṣi ihò méjì tí ohùn ń gbà wọlé) pẹ̀lú súwíìṣì láàárín wọn. Receiver á gba ọ̀kan, preamp á gba ìkejì. Ohun tẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ dán wò ni kí ẹ so wáyà amp méjì pọ̀ mọ́ sípíkà kan náà. Amp lẹ fẹ́ jó yẹn.

Bí ẹlòmíì bá ń lo pálọ̀ yín, ẹ ra oníbypass. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, tí preamp tòkunbọ̀ gidi kan sì bọ́ sí yín lọ́wọ́, àìní bypass kò tó ohun tí ẹ ó tìtorí ẹ̀ fi í sílẹ̀.

Ó ku subwoofer. Tẹ́ ẹ bá ti pa receiver, tirẹ̀ náà pa nìyẹn, àfi tó bá ní ọ̀nà méjì tí ohùn lè gbà wọlé. Èyí ló mú mi fẹ́ràn subwoofer REL: ó ń gba LFE, ìró ìsàlẹ̀ fíìmù, láti ara receiver, ó sì ń gba wáyà mìíràn láti ibi tí sípíkà ti so mọ́ amp.