Àwọn tá a gbà láti bá wa ṣètò owó ilé mínísítà: ṣé owó wọn tó bẹ́ẹ̀?

Ó ti tó ìgbà mẹ́rin tí wọ́n ti pè mí láti ìjọ míì pé àwọn kọnsọ́táǹtì tí dáyósíìsì yín gbà yẹn ńkọ́, ṣé iṣẹ́ wọn dáa, ṣé kí àwa náà gbà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ wọn kó bi mí ní kọ̀rọ̀.

Ilé la fẹ́ kọ́ fún àwọn mínísítà, ìyẹn àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa, tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Mẹ́tọ́díìsì lè má mọ ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká wa lára tó bẹ́ẹ̀. Mínísítà wa kì í dúró síbì kan, ibi tí wọ́n bá pín in sí ló ń lọ, lónìí Yábàá, tó bá yá Àgbádárìgì, ilé míṣọ̀n ló sì ń gbé káàkiri, ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì ló máa kó jáde. Bàbá tó ṣèrìbọmi fáwọn ọmọ mi, yàrá kan nílé àbúrò ìyàwó wọn ní Ṣómólú ni mo ti lọ bá wọn, páálí ìwé wọn wà níta lábẹ́ tapólì. Nǹkan yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tá a jókòó, launching ló wà lọ́kàn gbogbo wa, ẹ ṣá mọ bá a ṣe ń ṣe é l'Ékòó, ká mú aṣọ ẹbí, ká wá Chief Launcher, kí MC máa pe orúkọ èèyàn lórí máìkì, kí onílù máa lù ú. Ọmọbìnrin tó ṣáájú àwọn kọnsọ́táǹtì yẹn gbọ́ wa títí a fi sọ tán, ó wá ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pariwo." Ó ní ká tó kéde ohunkóhun, ó kéré tán ìdajì owó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ tàbí kí èèyàn ti fọwọ́ sí i pé òun á san án. Ó ya àkàbà sórí bọ́ọ̀dù: tó bá jẹ́ 200 mílíọ̀nù náírà la ń wá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó máa gbé bíi 20 mílíọ̀nù, kí àwọn tó máa gbé mẹ́wàá mẹ́wàá tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, títí dọ́dọ̀ ẹni tó máa san 5,000 lóṣù fọ́dún mẹ́ta. Tá ò bá mọ ẹni tó máa dúró lókè pátápátá, ká tètè dín iye náà kù. Mo ti wà níbi launching tẹ́nì kan ti pe 5 mílíọ̀nù lórí máìkì, tá a pàtẹ́wọ́ fún un, tí ò san án títí dòní, torí náà mo gbà pẹ̀lú ẹ̀.

Àmọ́ ohun tí mo fi mọ̀ pé wọ́n mọṣẹ́ ni pé wọ́n kọ́kọ́ lọ gbọ́ tẹnu ará ìjọ. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi lọ láti sáàkíìtì (àwọn ìjọ tá a kó pọ̀ lágbègbè kan) dé sáàkíìtì, wọn ò tọrọ kọ́bọ̀. Mo bá wọn dọ́dọ̀ màmá kan tó ń ta aṣọ l'Óyìngbò. Màmá ra míńírà fún wa, wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tá a wí, wọ́n wá fa rìsíìtì kan yọ nínú Bíbélì wọn, ó ti pọ́n, ó ti fẹ́ẹ̀ já lójú ibi tí wọ́n ti ká a. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó gbọ̀ngán tí mo san rèé. Gbọ̀ngán ọ̀hún dà?" Kò sẹ́ni tó lè fèsì. Ọmọbìnrin yẹn kọ ọ́ sílẹ̀ bí màmá ṣe sọ ọ́, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, nígbà tí ìròyìn wọn sì jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ nìyẹn. Owó kọ́ ni ò sí lọ́wọ́ ìjọ, ọkàn wọn ni ò balẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù pé ẹ kọ́kọ́ ro ti owó àtijọ́ fún wọn ná. Bíṣọ́ọ̀bù gbà, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, a lẹ ìṣirò náà mọ́ bọ́ọ̀dù gbogbo ìjọ. Ká ní a ti sáré ṣe launching ni, ẹ̀bi yẹn ì bá ṣì wà nílẹ̀.

Wọn kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ Mẹ́tọ́díìsì o, àmọ́ wọ́n kàwé nípa wa. Wọ́n rán àwọn olórí kíláàsì, ìyẹn àwùjọ kéékèèké tá a pín ará ìjọ sí, létí pé gbèsè ilé ló bí kíláàsì. Ní Bristol, 1742, gbèsè wà lọ́rùn àwọn èèyàn John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, lórí ilé ìjọsìn wọn tó ń jẹ́ New Room, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Captain Foy ló ní kí kálukú máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, wọ́n ní àwọn kan ò ní in, ó ní kí wọ́n fi mọ́kànlá nínú àwọn tó tálákà jù sọ́wọ́ òun, òun á máa yà kí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí ò bá ní, òun á san tiẹ̀ mọ́ tòun. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ẹ̀, 1842, ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì tó mú Mẹ́tọ́díìsì wá sílẹ̀ wa, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ojú àwọn olórí kíláàsì wa là lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó ò gba ti àkàbà rárá. Wọ́n ní ó máa sọ ìjọ di ti olówó, pé nígbà táwọn Mẹ́tọ́díìsì ìlú òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wá mílíọ̀nù kan gíní (owó òyìnbó àtijọ́) ní 1898, ẹnì kan gíní kan ni, olówó àti tálákà, inú owó yẹn ni Central Hall tí wọ́n ṣí ní Westminster ní 1912 ti jáde. Àwọn kọnsọ́táǹtì ò bá wọn jiyàn, wọ́n tún ètò ṣe: àkàbà ṣì wà, àmọ́ ìwé kan ṣoṣo ni orúkọ gbogbo èèyàn máa wọ̀, kò ní sí iye owó níbẹ̀. Ìyẹn wù mí.

Ibi tó kù sí wà o. Káàdì ìlérí tí wọ́n tẹ̀, òyìnbó ni látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bíbélì Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn màmá wa ń kà, àwa la jókòó túmọ̀ rẹ̀ lóru. Wọ́n tún ní káwọn ọ̀dọ́ máa pe àgbà lórí fóònù kí wọ́n ní ẹ máa san mélòó. Àgbà wo lẹ máa bi bẹ́ẹ̀? Bàbá méjì bínú, Ìyá Ìjọ ló lọ bá wa bẹ̀ wọ́n. Wọn ò sì fi àyè sílẹ̀ fún bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń wọ́n sí i, ìlérí ọdún mẹ́ta ni, ẹ tún wo náírà wa, ẹnjiníà wa ló ṣàkíyèsí ẹ̀.

Ti owó iṣẹ́, iye kan pàtó ni wọ́n gbà. Ẹnì kan nínú wa ní kí wọ́n máa mú ìdá kan nínú ohun tó bá wọlé, wọ́n kọ̀, wọ́n ní kò bófin iṣẹ́ àwọn mu. Mo fún wọn ní 7 nínú 10, màá sì tún gbà wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé ìwé Yorùbá wà lára iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì bèèrè owó ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, torí ti Àgbádárìgì tí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lọ́tọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún wa.